Owó Ìfẹ̀yìntì Ibi Iṣẹ́ Kò Dí Ọ̀nà RRSP: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí A Dàgbà Kí A Tó Dé Calgary

 

Láti oṣù Kìíní títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ní Calgary, kò sí báǹkì tí kì í lẹ ìpolówó RRSP, àpò ìfowópamọ́ fún ọjọ́ ogbó, mọ́ ara gíláàsì rẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ìbéèrè kan máa ń jáde lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá, yálà nínú CTrain, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: “Wọ́n ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó iṣẹ́ mi. Kí ni mo tún ń wá lọ sídìí RRSP?” Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé òfin kò gbà kí ènìyàn ní méjèèjì. Òfin gbà á. Ètò ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ máa ń dín àyè tí ẹ ní nínú RRSP kù ni, kì í pa á rẹ́, iye àyè tó ṣẹ́ kù sì wà ní kíkọ sílẹ̀ nínú ìwé tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún lónìí ni pé kí ẹ wá àyè yẹn rí, kí ẹ sì lò ó. Àwa tí a ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún tàbí ogójì kí a tó dé ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, torí pé ọdún ni ìjọba ń kà kí ó tó san owó àgbà, ọdún náà kò sì ní í pé lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà ń san owó kan fún àgbàlagbà láti ọmọ ọdún 65. OAS ni wọ́n ń pè é. Kò kan iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe rárá. Ọdún tó gbé ní Kánádà lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá pé ogójì ọdún ló ń gba odindi. Ẹni tí kò bá pé e, ìdá kan nínú ogójì ni tirẹ̀ lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá kó tó rí nǹkan kan gbà. Ẹ wo ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 38 nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Calgary. Nígbà tó bá pé 65, ọdún 27 ló ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, odindi OAS jẹ́ $727.67 lóṣù, ti ẹni yìí á jẹ́ nǹkan bí $491. Kánádà bá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn tó ń jẹ́ kí ọdún tí ènìyàn lò lọ́hùn-ún ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ti ibí kò bá pé. Nàìjíríà kò sí nínú wọn.

CPP, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba fún ẹni tó ṣiṣẹ́, náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti 1966 ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Lónìí ìdá 5.95 nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ náà á sì dá iye kan náà. Ní 2025, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọmọ ọdún 65 kò lè gbà ju $1,433 lọ lóṣù. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó gba iye yẹn, ó ti ní láti máa dá èyí tó ga jù lọ fún nǹkan bí ọdún 39. Ta ni nínú wa tí ó máa ní ọdún 39 níbí?

Àwọn bàbá wa ní òwe tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà ṣiṣẹ́ fún wọn torí pé ọmọ wà ní àgbàlá, oko sì wà lẹ́yìn ìlú. Ọmọ tí a bí sí Taradale tàbí Saddle Ridge, nígbà tí àwa bá ń fẹ̀yìn tì, òun náà á ní gbèsè ilé tí yóò máa san fún ọdún 25, yóò sì ní owó ibi tí ó ń gbé ọmọ sí kó tó lọ síbi iṣẹ́. N kò sọ pé kí a má retí oore lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí oore náà bá wa níbi tí a ti yó, kí ó má jẹ́ òun ni a ó máa retí kí a tó jẹun.

Ní ti RRSP fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ètò ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ṣe é fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di 1957, ẹni tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní ètò ìfẹ̀yìntì nìkan ni ìjọba ń gbà láyè kí ó fi owó pamọ́ fún ọjọ́ ogbó láìkọ́kọ́ san owó-orí lórí rẹ̀. Dókítà tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀, lọ́yà, àgbẹ̀, oníṣòwò, kò sí nǹkan fún wọn. Ìjọba Louis St. Laurent ló ṣí ọ̀nà fún wọn nínú ètò ìṣúná 1957: kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá owó ọdún pamọ́, kó má ṣáà ju $2,500 lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí ẹni tó ní ètò ibi iṣẹ́ àti ẹni tí kò ní yóò ṣe jẹ àǹfààní dọ́gba. Ní 1976, ẹni tí kò ní ètò ibi iṣẹ́ lè fi $5,500 sínú RRSP. Ẹni tó ní, $3,500 ni, wọn á sì tún yọ ohun tó ti dá níbi iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn kò tọ́, torí pé kò wo bí ètò ibi iṣẹ́ náà ṣe dára tó. Ọdún 1991 ni òfin tí a ń lò títí di òní bẹ̀rẹ̀.

Òfin yẹn ní kí àyè RRSP ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi iṣẹ́ rí lọ́dún tó kọjá, ó sì ní gbèdéke: $32,490 fún ọdún 2025, $33,810 fún 2026. Ibo ni wọ́n ti rí 18? Ètò ìfẹ̀yìntì tó dára jù lọ tí òfin gbà láyè máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ìdá méjì owó rẹ̀ lórí ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba wá ṣírò pé kí ènìyàn tó lè máa gba dọ́là kan lọ́dọọdún nígbà ogbó, yóò ti fi dọ́là mẹ́sàn-án pamọ́. Ìlọ́po mẹ́sàn-án ìdá méjì ni 18. Nínú 18 yìí ni wọ́n ti ń yọ ohun tí ètò ibi iṣẹ́ ti ṣe fún yín. Iye tí wọ́n yọ ni wọ́n ń pè ní Pension Adjustment, àpótí 52 lórí ìwé T4 yín ló sì wà. Nígbà tí T4 bá dé ní oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ wa kì í wò ju owó tó wọlé àti owó-orí tí wọ́n yọ. Ẹ wo àpótí 52 náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan pọ̀. Ẹ fi ojú inú wo nọ́ọ̀sì kan ní Peter Lougheed Centre, tí owó rẹ̀ jẹ́ $95,000 ní 2025. Inú ètò ìfẹ̀yìntì LAPP ni irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ètò náà ń fún un ní ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó rẹ̀ títí dé gbèdéke CPP, èyí tó jẹ́ $71,300 ní 2025, ó sì ń fún un ní ìdá 2 lórí ohun tó lé. Ìdá 1.4 nínú $71,300 jẹ́ $998.20. Ìdá 2 nínú $23,700 tó kù jẹ́ $474. Àpapọ̀ rẹ̀, $1,472.20, ni owó ìfẹ̀yìntì ọdọọdún tí iṣẹ́ ọdún kan yẹn mú wá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ẹ yọ $600 tí òfin ní kí wọ́n yọ, nǹkan bí $12,650 ló kù. Ohun tí wọn yóò kọ sí àpótí 52 nìyẹn. Ìdá 18 nínú $95,000 jẹ́ $17,100. Ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì: $4,450 ni àyè RRSP tuntun tí yóò ní fún 2026.

Ẹlòmíràn á ní kí ni $4,450 fẹ́ ṣe. Ní Alberta, owó tó bá wà ní ipele tí nọ́ọ̀sì yẹn wà, ìjọba àpapọ̀ ń gba ìdá 20.5 lórí dọ́là tó gbẹ̀yìn, ìjọba Alberta ń gba ìdá 10. Bó bá fi $4,450 náà sínú RRSP, nǹkan bí $1,357 owó-orí ni kò ní í san lọ́dún yẹn. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, $89,000 ló fi síbẹ̀ láti ọwọ́ ara rẹ̀. Bí owó náà bá ń lé ìdá 5 lọ́dún, yóò ti kọjá $147,000. Èyí yàtọ̀ sí LAPP, ó yàtọ̀ sí CPP, ó yàtọ̀ sí OAS tí kò pé. Ọdún tó fẹ́ dín ní OAS, ibí ni yóò ti rí ohun dí i.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní ilé-iṣẹ́ epo ní àárín ìlú kò le tó bẹ́ẹ̀. Ètò ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìkójọ: òṣìṣẹ́ á dá tirẹ̀, agbanisíṣẹ́ á dá tirẹ̀, ohun tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì náà ni. Àpótí 52 tirẹ̀ kò ju àpapọ̀ owó méjèèjì lọ. Ẹnjiníà tó ń gba $110,000, tó ń dá ìdá 5, tí ilé-iṣẹ́ ń dá ìdá 6, $12,100 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ìdá 18 owó rẹ̀ jẹ́ $19,800. Àyè $7,700 ṣì wà fún un.

Ibi tí ewu wà ni Group RRSP, kí ẹ jọ̀wọ́ fetí sí mi níbí. Ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rù àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò ní ètò ìfẹ̀yìntì tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Group RRSP ni wọ́n ní. Kò sí nǹkan kan ní àpótí 52, àwọn kan á wá rò pé odindi ìdá 18 ṣì wà fún àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ̀yin dá àti èyí tí agbanisíṣẹ́ fi kún un, inú àyè yín ni méjèèjì ti ń jẹ. Ẹni tó ń gba $70,000 ní àyè $12,600. Bó bá dá $3,500, tí ilé-iṣẹ́ sì fi $3,500 kún un, $5,600 ló kù tó lè fi sí RRSP mìíràn. Bó bá fi $12,600 síbẹ̀ látàrí pé kò rí nǹkan kan ní àpótí 52, ó ti ré kọjá àyè rẹ̀. Ìjọba fojú fo $2,000 tó bá lé. Lórí èyí tó ju ìyẹn lọ, ìtanràn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ni wọ́n ń gbà, títí ẹni náà yóò fi yọ ọ́ kúrò tàbí tí yóò fi ní àyè tuntun.

Torí náà, ẹ má ṣe fi orí ṣírò nìkan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe owó-orí ọdún, CRA, àjọ owó-orí Kánádà, á fi ìwé kan fèsì tí wọ́n ń pè ní Notice of Assessment. Iye àyè RRSP yín wà nínú rẹ̀ ní kedere. Ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ nù lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú My Account ti CRA. Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún yín ní báǹkì máa sọ, ẹ ti mọ nọ́ńbà yẹn. Ẹ rántí yọ ohun tí Group RRSP ń kó wọlé lọ́dún tí a wà nínú rẹ̀, torí ìwé náà kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí agbanisíṣẹ́ bá ní bí ẹ bá dá ìdá 5, òun náà á dá 5, ẹ dá a pé pérépéré kí ẹ tó fi sísì kan sínú RRSP tara yín. Mo mọ ẹni tó ń dá ìdá méjì níbi iṣẹ́, tó wá ń yá owó ní báǹkì ní oṣù Kejì láti fi sí RRSP tirẹ̀. Owó tí ẹlòmíràn fẹ́ fi ta á lọ́rẹ ló fi sílẹ̀, ó wá ń san èlé lórí gbèsè. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Àyè tí a kò lò kì í jóná. Láti 1991 ni òfin ti gbà kí ó máa ṣẹ́jọ láti ọdún dé ọdún. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru tàbí tó ń to páálí ní Balzac lónìí, tó sì ń ka ìwé kí APEGA lè fún un ní ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà. Ọdún àkọ́kọ́ wa níbí kò ní àyè RRSP kankan, torí owó tí a rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò kan Kánádà. Àmọ́ láti ìgbà tí owó iṣẹ́ ibí bá ti ń wọlé, àyè ń ṣẹ́jọ. Ẹni tó ń gba $45,000 wà ní ipele owó-orí tó kéré jù lọ, ní Alberta àti lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀: méjèèjì papọ̀ jẹ́ ìdá 22 ní 2026. Bó bá dúró de ìgbà tó bá ń gba $100,000, dọ́là kan náà yóò gba ìdá 30.5 là fún un. Ó sì lè fi owó náà síbẹ̀ báyìí, kí ó má tíì kà á sí owó-orí ọdún yìí, kí ó fi í dúró de ọdún tí owó rẹ̀ bá ga. Òfin gbà á.

Òótọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó dé ní àádọ́ta ọdún ó lé, tí owó iṣẹ́ wọn kò sì pọ̀, gbọ́. RRSP lè má jẹ́ tiyín. Àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kéré máa ń gba GIS, owó àfikún, mọ́ OAS, dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá sì yọ jáde láti RRSP máa ń dín GIS yẹn kù, ní nǹkan bí àádọ́ta sẹ́ńtì. TFSA, àpò ìfowópamọ́ mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ló ti wà, àyè tuntun rẹ̀ fún 2026 jẹ́ $7,000, kò ní í dín owó-orí yín kù lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gbà jáde níbẹ̀ kò sí nínú ohun tí ìjọba ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò GIS. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, TFSA ni mo gbà nímọ̀ràn, láìsí iyèméjì.

Ọ̀rọ̀ ìpè láti ilé náà wà níbẹ̀. Ara ìyá kò yá, owó ilé ìwé àbúrò ti tó san, òrùlé ilé tí à ń kọ́ ní Ọ̀ṣun kò tíì lọ sókè, a wá rántí RRSP. Bí ẹ bá gba $12,000 jáde, báǹkì á yọ ìdá ogún lójú ẹsẹ̀, $2,400 ti lọ, $9,600 ni yóò dé ọwọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá sì ń ṣe owó-orí, ẹni tó wà ní ipele ìdá 30.5 yóò tún rí i pé òun ṣì jẹ ìjọba. Àyè $12,000 yẹn kò sì ní í padà mọ́ láéláé, yàtọ̀ sí TFSA tí àyè rẹ̀ ń padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nítorí ìpè wọ̀nyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn àjọ tí à ń dá láàárín ara wa ní Calgary. Owó ilé ló yẹ kí àjọ máa gbọ́. Owó ogbó ni kí RRSP máa jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́ ni òfin gbà kí ó yá a lọ́wọ́ ara rẹ̀, tó $60,000, kí ó sì dá a padà láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; ẹni tó padà sílé ẹ̀kọ́ náà ní tirẹ̀, $20,000 ni gbogbo rẹ̀.

Calgary kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbójú lé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹfà 2014, àgbá epo kan kọjá $100. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 ó ti bọ́ sísàlẹ̀ $30, nígbà tí ọdún náà sì ń parí lọ, àìríṣẹ́ṣe ní ìlú yìí ti kọjá ìdá 10. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ kò pàdánù ohun tí agbanisíṣẹ́ ti dá fún un, torí láti oṣù Kẹsàn-án 2014 ni òfin Alberta ti sọ pé ti òṣìṣẹ́ ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Inú LIRA, àpò ìfẹ̀yìntì tí a tì pa, ló máa ń bọ́ sí, níbi tí kò ti ní í lè fọwọ́ kàn án kó tó pé ọmọ ọdún 50, àyàfi nínú ìnira pàtàkì tí òfin kà sílẹ̀. Ẹni tó kúrò nínú ètò bíi LAPP láìpẹ́ ọjọ́ lè rí ìwé T10 gbà, èyí tó ń dá díẹ̀ padà nínú àyè RRSP tí wọ́n ti yọ fún un. Ẹ má ṣe jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí. Ní ti àwọn tó gbà pé ètò ibi iṣẹ́ nìkan ti tó, Sears Canada wó ní 2017, owó tó wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì wọn kò pé, wọ́n sì dín owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kù. Èmi kò lè fi ogbó mi lé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dára tó.

Fún tọkọtaya, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lè fi owó sínú RRSP tó wà lórúkọ ẹnì kejì. Àyè tirẹ̀ ni yóò lò, òun náà ni wọn yóò dín owó-orí kù fún, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ni yóò gbà á nígbà ogbó, ní ipele owó-orí tó rẹlẹ̀. Ìyá tó jókòó ti ọmọ nílé fún ọdún bíi mélòó kan yóò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan lórúkọ ara rẹ̀. Kó má sì gbà á jáde láàárín ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ fi owó síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi í síbẹ̀ ni wọn yóò gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó tí ẹ bá fi sínú RRSP títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2026 lè wà nínú ìṣirò ọdún 2025. Títí òpin ọdún tí ẹ bá pé 71 ni ẹ lè máa fi síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó sọ ọ́ di RRIF, àpò tí ẹ ó ti máa gba owó náà díẹ̀díẹ̀, tàbí owó ọdọọdún, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbèrò láti sin egungun rẹ̀ sí Alberta. Ilé ló fẹ́ padà sí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé OAS kò ní í bá a dé Abẹ́òkúta àyàfi tó bá ti gbé Kánádà fún ogún ọdún lẹ́yìn ọmọ ọdún 18. CPP á tẹ̀ lé e, owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ á tẹ̀ lé e, RRSP pẹ̀lú, bí ìjọba tilẹ̀ máa ń yọ ìdá 25 lára èyí tí ẹni tí kò gbé Kánádà mọ́ bá gbà jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dé ní 38, tó ń di ẹrù rẹ̀ láti lọ ní 57, ọdún 19 ló ní. Kí ó dúró ní ọdún kan sí i. Bí kò bá sì lè dúró mọ́, RRSP rẹ̀ kò ní í béèrè iye ọdún tó lò.